Àṣírí Méjì Lọ́wọ́ Alágbàtà

Mílíọ̀nù méjìdínlógún àti ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́rin. Iye tí olùrà kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn, kò lé, kò dín. Bí mo ṣe kà á jáde ní pálọ̀, ife tíì tó wà lọ́wọ́ màmá mi dúró lágbedeméjì, kò dé ẹnu, kò padà sórí tábìlì.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Iye tó kéré jù tí mo lè gbà fún ilé yìí nìyẹn," ni màmá mi wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi alágbàtà. Ìwọ pàápàá, mi ò sọ fún ọ."

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé bí ìdáhùn ẹni méjì bá bára mu dé orí ẹyọ tó kẹ́yìn, ọ̀kan ti yọjú wo ìwé èkejì. Màmá mi ṣírò iye owó ilé kékeré tó fẹ́ rà, ó ṣírò owó ọkọ̀ tó máa kó ẹrù, ó ro wọ́n pọ̀, ló fi di iye wọ́gọwọ̀gọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni àjèjì ṣe máa dá irú rẹ̀ rò? Alágbàtà ti ta màmá mi kó tó ta ilé. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

Ọdún méjìdínlógójì ni màmá mi fi ṣe agbẹ̀bí. Ilé alájà méjì tó ń tà yìí, òógùn ojú rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ó ní orúnkún òun kò gba àtẹ̀gùn mọ́, pé òun ti rí ilé yàrá méjì kan tí kò ní àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀rẹ́ òun. Ìlú mìíràn ni mo ń gbé, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni, ìgbà ọlidé ni mo sì máa ń wá. Nǹkan tó bá sọ fún mi lórí fóònù ni mo máa ń gbà gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alágbàtà náà kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀pá ìdábùú.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, màmá ni mo fẹ́ rí, èmi àti àwọn nìkan."

"Ẹ ti rí wọn tà. Kí lẹ tún fẹ́ rí?"

Ó fi ọwọ́ kan àpò kóòtù rẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀, mo ti gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

"Ta nìyẹn?" ni màmá mi béèrè láti inú ilé.

"Kò sẹ́ni," ni mo dá a lóhùn. Mo wọ bàtà, mo ní mò ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Má lọ o! Fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Bí a kò bá ta ilé náà mọ́, ṣé ayé ti parí ni?"

Mo rò pé àánú àgbà ló ń ṣe é. Mo lọ.

*

Obìnrin kúkúrú kan tó ń lo awò ojú ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, gbogbo àgọ́ ló sì ń pè é ní Tún-un-sọ. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìdí rẹ̀. Mo sọ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ò sọ pé màmá ní kí ẹ má wá. Nígbà kejì, ẹ ò sọ ọ́. Ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́."

"Kò ṣe pàtàkì."

"Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, ó ń bẹ̀rù nǹkan kan, Tíṣà." Ó yí bírò náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ṣé ẹ mọ ohun tí òfin ní kí alágbàtà ṣe fún ẹni tó gbé ilé lé e lọ́wọ́?"

"Kó má ṣe èké."

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta ilé ni ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀ wá rà. Kò gbọdọ̀ jẹ lọ́tùn-ún, kó tún jẹ lósì. Iye èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni bá dá, kíá ni kó gbé e wá, kò gbọdọ̀ fi pamọ́ sí àpò. Ohun tó bá gbọ́ tó kan ọjà náà, kó wá sọ ọ́. Àṣírí tí wọ́n bá sì fi lé e lọ́wọ́, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ta ilé tán. Bó bá tú iye ìkẹyìn onílé fún olùrà, ìwé-àṣẹ rẹ̀ lọ nìyẹn. Bó bá sì gba rìbá lé e, ẹ̀wọ̀n ló ń wò yẹn."

"Ẹ wá lọ mú un!"

"A ó pè é ná."

Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rí ti ń rọ́ wọlé bí omi òjò. Bàbá onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa sọ pé Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta léraléra ni alágbàtà wá gbé màmá mi jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀, láìmú olùrà kankan lẹ́yìn, tí ọ̀sán á pọ́n kí wọ́n tó dé. "Màmá a máa gbé ọwọ́ lé e léjìká bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀," ni bàbá náà wí, ó sì fi ojú sọ ìyókù. Wọ́n tún rí i nínú ìwé ilé iṣẹ́ fóònù pé olùrà pe alágbàtà ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí lẹ́tà tó dé. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Ogójì ìṣẹ́jú!" ni mo pariwo. "Ṣé kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn?"

Tún-un-sọ ní kí n jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, kí n má sì sọ̀rọ̀. Wọ́n mú alágbàtà wọlé.

"Ṣé olùrà yìí pè yín?"

"Ó pè mí."

"Kí ló béèrè?"

"Ọ̀rọ̀ tó kan oníbàárà mi ni. Mi ò lè sọ ọ́ níbí."

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní mi ò lè dá a lóhùn."

"Fún ogójì ìṣẹ́jú?"

"Alágídí ni ọkùnrin náà, ọ̀gá."

Ọlọ́pàá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ dípò rẹ̀. Tún-un-sọ fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Àwọn Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ibo lẹ gbé màmá lọ?"

Ọkùnrin náà wò mí, ó sì yára gbé ojú kúrò.

"Mi ò lè dáhùn ìyẹn."

"Ẹ mọ̀ pé bí ẹ kò bá dáhùn, inú àhámọ́ lẹ máa sùn?"

"Mo mọ̀."

"Ìwé-àṣẹ yín ńkọ́?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé e ká. Mo mọ bó ṣe wúwo tó."

"Ẹ tún un sọ."

"Mi ò lè dáhùn, ọ̀gá. Àfi bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá ní kí n sọ ọ́."

Wọ́n mú un lọ. Mo dìde, mo ń gbọn aṣọ mi bí ẹni tó borí ìjà. Ṣùgbọ́n Tún-un-sọ kò dìde. Ó ti ṣí fáìlì tí wọ́n kó wá láti ọ́fíìsì alágbàtà, ó ń yẹ ojú ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ka ohun tó wà nínú wọn, ìsàlẹ̀ wọn ló ń wò. Páálí kékeré kan já bọ́ láàárín ìwé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹnì kan ti fi abẹ fẹ́lẹ́ gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan sí i láàárín.

"Kí lẹ rò pé èyí wà fún?"

"Ìdọ̀tí ni," ni mo wí.

Ó kó o sínú àpò rẹ̀.

*

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Tún-un-sọ ní kí n mú òun lọ kí màmá mi. Mo rò pé yóò da ìbéèrè bò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni wọ́n sọ. Màmá mi ń sọ nípa ìbejì kan tó gbà nígbà ìjì, tí èkejì yọ ẹsẹ̀ jáde ṣáájú orí, Tún-un-sọ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò níṣẹ́ ọba lọ́wọ́. Màmá da tíì fún un. Bó ti máa ń ṣe, ó fi ìka kan kọ́ sínú etí ife bó ṣe ń dà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé àṣà agbẹ̀bí ni, kó lè mọ bí omi ṣe gbóná tó.

Lójú ọ̀nà padà, Tún-un-sọ ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́.

"Tíṣà, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Àṣírí méjì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Iye ìkẹyìn ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ibi tí wọ́n ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, mi ò sì ní sọ fún yín bóyá mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ní ó ti ta àkọ́kọ́ torí owó. Ó dáa. Ẹni tó lè ta àṣírí kan torí owó, kí ló dé tí kò lè tú èkejì kó fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n?"

Mo yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀.

"Olè kì í yan èyí tí yóò jí nínú ẹrù ẹnì kan náà, kó máa wá ṣọ́ ìyókù fún un," ni ó wí. "Bí kò bá tú èkejì, kò tú àkọ́kọ́. Ọ̀nà mìíràn ni iye yẹn gbà jáde. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́."

Káfíńtà ni olùrà náà. A bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi bo irun apá rẹ̀, òórùn pákó tútù sì gba gbogbo ibẹ̀.

"Ta ló sọ iye yẹn fún yín?" ni Tún-un-sọ béèrè.

"Kò sẹ́ni. Mo dá a rò ni." Òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

Mo rò pé yóò lé e mọ́ ògiri. Rárá. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tuntun kan, ó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń tì í.

"Iṣẹ́ yín rèé? Kò dún rárá! Ṣé irú èyí lẹ máa gbé sílé màmá?"

Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. "Ó dáa jù báyìí lọ! Mo ti wọn gbogbo rẹ̀. Yàrá mẹ́rin, fèrèsé mọ́kànlá, igun abẹ́ àtẹ̀gùn pàápàá, mo ti wọ̀n ọ́n."

"Irọ́ ni! Ẹ ti wọn fèrèsé mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

Ta ló máa pe oníṣẹ́ ọwọ́ ní òpùrọ́ tí onítọ̀hún á dákẹ́? Ó sáré fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú tákàdá kan jáde tó kún fún nọ́ńbà pẹ́ńsùlù láti òkè dé ilẹ̀. Tún-un-sọ gbà á, ó yìn ín, ó sì rọra yí i padà.

Lẹ́yìn tákàdá náà, máákà dúdú, ọwọ́ ìkọ̀wé màmá mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka: IYE ÌKẸYÌN. Nọ́ńbà náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Káfíńtà jókòó sórí pákó. "Mi ò jí i. Mo gbàgbé ìwé mi sílé, mo tọrọ tákàdá, màmá ló fa èyí yọ fún mi. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo pe alágbàtà, mo ní ṣé iye ìkẹyìn wọn nìyí lóòótọ́? Ọkùnrin náà ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, mo ní màá wá nǹkan fi sí i lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ iye tí mo bá fẹ́ kọ, òun máa gbé e fún màmá, ṣùgbọ́n òun máa sọ fún wọn pẹ̀lú pé ó dà bíi pé mo ti rí nǹkan. Mi ò dúró dè é mọ́, èmi fúnra mi ni mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí màmá."

Ẹ̀rù bà mí, ìbínú ni mo sì fi bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹ ò rí i bí irọ́ náà ṣe rí! Màmá mi fúnra rẹ̀ á wá gbé àṣírí ara rẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́? Nǹkan tó tóbi tó báyìí lẹ́yìn tákàdá? Ṣé kò ríran ni?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi tán kí n tó gbọ́ ọ. Mo wo Tún-un-sọ. Ó ń ká tákàdá náà jẹ́jẹ́.

"Èmi kò sọ nǹkan kan o," ni ó wí.

*

Nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ń to ara rẹ̀ sójú mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tò ó. Rọ́bà tí màmá dì mọ́ agolo iyọ̀, tí kò sí lára agolo ṣúgà. Téèpù funfun etí àtẹ̀gùn. Nọ́ńbà fóònù mi tó fi máákà kọ gàdàgbà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́tà olùrà tó gbé fún mi pé kí n kà, tó ní awò òun wà lókè. Ìka etí ife. Mo ti wà nínú ilé yẹn fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo ń fojú wo gbogbo rẹ̀. Tún-un-sọ jókòó níbẹ̀ mu ife tíì kan péré, ó sì ti rí i.

Nígbà tí a délé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹnì kan wà ní àhámọ́ torí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiyín. Ó kọ̀ láti sọ ọ́. Èmi náà ò ní sọ ọ́. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá wá ọ̀nà mìíràn tí màá fi tú u sílẹ̀."

Màmá mi yí ojú sí ibi tí mo wà, ó kọjá mi díẹ̀, ó fi ọwọ́ wá mi, ó rí mi.

"Ojú mi ń lọ, ọmọ mi. Dókítà ní kó tó di ọdún tó ń bọ̀, òjìji nìkan ni n ó máa rí. Mo fẹ́ kó lọ síbi tuntun nígbà tí ojú yìí ṣì lè kọ́ ọ̀nà ibẹ̀. Orúnkún mi le ju tìẹ lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wàá wá máa tọ́jú mi. Àwọn tó bá sì gbọ́ pé mò ń kánjú, ṣé wọ́n máa san owó gidi? Mo bẹ alágbàtà pé kó má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ọmọ mi. Òun ló ń gbé mi lọ sílé ìwòsàn ojú. Gbogbo ìwé, òun ló ń kà á fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì méjì, kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Ó ní kí n mú lọ́yà tèmi wá, kó tún un kà lójú òun, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun fi ojú mi rẹ́ mi jẹ." Ó nu ojú. "Nígbà tí o ka lẹ́tà yẹn, inú bí mi sí i. N kò rántí tákàdá kankan. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé bí o bá fi ọlọ́pàá mú un, yóò sọ̀rọ̀ ojú mi. Kò sọ ọ́?"

"Kò sọ ọ́, màmá," ni Tún-un-sọ wí. Ó mú páálí nì jáde, ó fi ìka màmá mi sí ihò náà.

"Háà, ó tọ́jú rẹ̀!" Màmá mi rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. "Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ sí, ọwọ́ mi ṣe bí ejò, ó gba orí ìlà kọjá. Ló bá lọ gé èyí wá. Bí o bá gbé e sórí ìlà, inú ihò yìí ni bírò á máa gbà."

"Mo rí i nínú fáìlì. Ojú ewé méjì àkọ́kọ́ wọ́, ìyókù tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Mo ní, ta ni ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin?"

*

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí àgọ́. Wọ́n mú ọkùnrin náà jáde, aṣọ mímọ́ rẹ̀ ti rún. Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú gbogbo ọlọ́pàá. Ó fà mí dìde kíákíá, bíi pé èmi ni mo máa kó ìtìjú bá a.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Màmá yín lẹ ń gbèjà. Èmi náà, òun ni mò ń gbèjà." Ó yí sí Tún-un-sọ. "Ọ̀gá, ẹ dákun, kóòtù mi. Nǹkan kan wà nínú àpò rẹ̀ tó ti pẹ́ ọjọ́ kan jù."

Wọ́n gbé kóòtù wá. Ó yọ àpòòwé kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí màmá mi.

"Màmá, obìnrin mìíràn tó fẹ́ ra ilé yín ló kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ ni mo gbé wá lánàá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ káfíńtà tí mo fẹ́ sọ fún yín." Kò wo ojú mi. "Ilẹ̀kùn ni kò gbà. Kò pọn dandan kí ẹ gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè kọ ti káfíńtà, ẹ lè gba ti obìnrin yìí, ẹ lè kọ méjèèjì."

Tún-un-sọ yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹni tí mo tì mọ́lé á máa tọrọ àforíjì pé òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Màmá mi gba àpòòwé náà, ó na ọwọ́ padà sí alágbàtà. "Kà á fún mi."

Alágbàtà kò gbà á. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀. "Ọmọ yín wà níbí, màmá."

Ọwọ́ màmá mi dúró ní afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí i sọ́dọ̀ mi.

Mo ṣí i. Obìnrin náà fẹ́ san mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún ààbọ̀, ó sì gbà kí màmá mi gba oṣù méjì sí i láti fi kó ẹrù. Òun náà ló ra ilé náà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, omi ojú kò jẹ́ kí n rí ìlà dáadáa. Mò ń sáré kà á kí ohùn mi má bàa já sí méjì níwájú àwọn ọlọ́pàá.

Màmá mi gbé ọwọ́ lé mi lápá.

"Rọra," ni ó wí. "Alágbàtà mi kì í sáré báyìí."